Pípààrọ̀ bréènbọ́ọ̀sì fóò-wíìlì nínú jíìpù àti píkọ́ọ̀pù

Bréènbọ́ọ̀sì fóò-wíìlì ni kọ̀ǹpútà kékeré tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ awakọ̀, tó sì ń mú kí agbára ẹ́ńjìnnì dé ọ̀dọ̀ táyà iwájú, nínú jíìpù tàbí píkọ́ọ̀pù tó jẹ́ pé bọ́tìnnì ni wọ́n ń tẹ̀, tí kì í ṣe ọ̀pá ni wọ́n ń fà. TCCM ni General Motors ń pè é. Nínú Ford F-150 ọdún 1997 sí 2003, kò dá dúró láyè ara rẹ̀ rárá: àpótí GEM tó ń darí wáípà àti iná inú ọkọ̀ náà ló ń ṣe iṣẹ́ rẹ̀, ìyẹn ni wáípà fi lè máa ṣe ségesège lọ́jọ́ kan náà tí fóò-wíìlì kọ̀ṣẹ́. Autotrac, ètò fóò-wíìlì ti General Motors, ni àpilẹ̀kọ yìí dá lé lórí, èyí tó wà nínú Chevrolet Silverado, Tahoe, GMC Sierra àti Yukon ti ìran GMT800, ìran tó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Silverado ọdún 1999.

Bí ó ṣe ń ṣiṣẹ́

Lẹ́yìn gíábọ́ọ̀sì, àpótí jíà kejì kan wà tó ń pín agbára sí iwájú àti ẹ̀yìn. NV246 ni orúkọ ti Autotrac. New Venture Gear, iléeṣẹ́ tí Chrysler àti General Motors jọ dá sílẹ̀ ní 1990, ló ṣe é. Ọkọ̀ tó bá ní irú rẹ̀ yóò ní àmì NP8 lára ìwé pélébé tí wọ́n lẹ̀ mọ́ inú àpótí ìkówèésí dáṣíbọ́ọ̀dù.

Bọ́tìnnì mẹ́rin ló wà níwájú awakọ̀: 2HI (táyà ẹ̀yìn nìkan), AUTO 4WD, 4HI (táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin) àti 4LO. Tí wọ́n bá tẹ ọ̀kan, bréènbọ́ọ̀sì á rán iná gba wáyà méjì lọ sí mọ́tò kékeré tí wọ́n fi nọ́ọ̀tì dè mọ́ ẹ̀gbẹ́ àpótí jíà náà. Tí mọ́tò bá ní láti yí padà sẹ́yìn, á gbé iná náà gba òdìkejì. Wáyà mìíràn ń gbé ìròyìn padà wá láti inú mọ́tò yìí kan náà, láti sọ ibi tó yí dé. Ní 4LO, ẹ́ńjìnnì á yí jíà náà ní ìgbà 2.72 kí ohun tó ń jáde tó yí lẹ́ẹ̀kan, ọkọ̀ á rọra lọ, àmọ́ á lágbára. Ní AUTO 4WD, bréènbọ́ọ̀sì ń fi eré pùròpẹ́là iwájú wé ti ẹ̀yìn láìsinmi. Bí táyà ẹ̀yìn bá yọ̀, á sún mọ́tò náà kí kílọ́ọ̀ṣì inú àpótí lè di iwájú mú. Nítorí èyí, táyà tí ìwọ̀n wọn ò bára mu níwájú àti lẹ́yìn lè tàn án jẹ, kó máa rò pé ọkọ̀ ń yọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ.

Ṣé òun ló bàjẹ́?

Ibí yìí gan-an ni iṣẹ́ wà. Kò sí ohun tó le nínú pípààrọ̀ bréènbọ́ọ̀sì. Owó ń ṣòfò nítorí pé wọ́n pààrọ̀ èyí tí kò bàjẹ́. Iná SERVICE 4WD tó tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù kò dárúkọ ẹnikẹ́ni. Ó lè jẹ́ mọ́tò, ó lè jẹ́ bọ́tìnnì, ó sì lè jẹ́ wáyà tó jẹrà nínú sọ́kẹ́ẹ̀tì lábẹ́ ọkọ̀, níbi tí ẹrẹ̀ àti iyọ̀ tí wọ́n ń dà sójú títì nígbà yìnyín ní àríwá Amẹ́ríkà ti ń bá a. Mọ́tò náà máa ń kú ju bréènbọ́ọ̀sì lọ, ó ṣe tán, ìta ló ń gbé.

Iná ara bọ́tìnnì ni kí wọ́n kọ́kọ́ wò. Tí wọ́n bá ṣí kọ́kọ́rọ́, gbogbo iná ibẹ̀ ní láti tàn fìrí, kí ó sì ku ẹyọ kan. Tí kò bá sí èyí tó tàn, fíúùsì ni kí wọ́n wò, lẹ́yìn náà kí wọ́n fi mítà wọn iná tó ń wọ bréènbọ́ọ̀sì àti áàtì rẹ̀. Lẹ́yìn ìyẹn ni síkánà, ẹ̀rọ tó ń ka kóòdù àṣìṣe láti inú kọ̀ǹpútà ọkọ̀, èyí tó mọ èdè General Motors, nítorí síkánà olówó pọ́ọ́kú tó ń ka ẹ́ńjìnnì nìkan kì í dé ibẹ̀. Kóòdù C0327 ń tọ́ka sí ìròyìn tó ń ti inú mọ́tò bọ̀. Mọ́tò àti wáyà rẹ̀ ni kí wọ́n wò. C0550 ni ó ń fẹ̀sùn kan bréènbọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀. Bí gbogbo kọ̀ǹpútà yòókù nínú ọkọ̀ bá ń dá síkánà lóhùn, tí TCCM nìkan dákẹ́, tí iná àti áàtì rẹ̀ sì pé, ọ̀rọ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ parí nìyẹn.

Omi tó ń jò láti ẹsẹ̀ gíláàsì iwájú lè pa á. Jọ́ńpà tí wọ́n fi sódì lórí bátìrì náà lè pa á. Nígbà mìíràn kò ní kú tán, ṣùgbọ́n kò ní sùn lẹ́yìn tí wọ́n ti pa ọkọ̀, bátìrì á sì ti kú kí ilẹ̀ tó mọ́.

Àìsàn kan tún wà tí kò kan iná rárá. Pọ́ńpù òróró inú NV246 lè máa ha ara àpótí náà láti inú títí yóò fi lu ihò sí i. Òróró Auto-Trak II, tí àwọ̀ rẹ̀ jẹ́ búlúù, á jò tán, jíà á sì jóná. Ẹni tó bá rí ọ̀rinrin búlúù lókè ẹ̀yìn àpótí yìí kó fi bréènbọ́ọ̀sì sílẹ̀ ná.

Yíyọ àti fífi

Ní Nàìjíríà, réwáyà ló ń ṣe iṣẹ́ yìí, kì í ṣe mẹkáníìkì. Kó tó fọwọ́ kan nǹkan kan, á tú orí nẹ́gétíìfù bátìrì, á sì dúró fún ìṣẹ́jú díẹ̀. Rọ́bà ńlá tó bo ìsàlẹ̀ ṣítíárìn ló máa kọ́kọ́ yọ. Sípánà 7 ló ń tú nọ́ọ̀tì rẹ̀. Bréènbọ́ọ̀sì wà lápá òsì lábẹ́ ibẹ̀, nítòsí pẹ́dà bíréèkì ìdúró. Wáyà aláwọ̀ yẹ́lò tó bá gba ibẹ̀ kọjá, ti éábáàgì ni. Kí ọwọ́ má dé ibẹ̀. Sọ́kẹ́ẹ̀tì kọ̀ọ̀kan ní ahọ́n tí wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ kó tó jáde. Wáyà ni ẹni tó bá ń fà á láìtẹ ahọ́n ń fà tu. Kí wọ́n wo ojú irin inú sọ́kẹ́ẹ̀tì náà dáadáa. Bí ìpẹtà aláwọ̀ ewé bá ti wà níbẹ̀, tuntun tí wọ́n fẹ́ fi sí i ò ní pẹ́.

Nọ́ńbà tó wà lára èyí tí wọ́n yọ gbọ́dọ̀ bá ti èyí tí wọ́n fẹ́ fi mu, tàbí kó jẹ́ nọ́ńbà tí iléeṣẹ́ fi rọ́pò rẹ̀. Ti NP1, fóò-wíìlì oníbọ́tìnnì tí kò ní AUTO, kò bá ti NP8 ṣe, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n jọra lójú. Èyí ṣe pàtàkì ní Ládìípọ̀ ní Mushin àti láwọn ọjà bẹ́ẹ̀, níbi tí ọ̀pọ̀ ẹ̀yà tòkunbọ̀ ti ń wá láti ara ọkọ̀ tí wọ́n tú palẹ̀: ọ̀tọ̀ ni kí ó wọ sọ́kẹ́ẹ̀tì, ọ̀tọ̀ ni kí ó ṣiṣẹ́.

Kíkọ ètò sí i

Tuntun láti iléeṣẹ́ lè wá láìní ètò tó bá ọkọ̀ náà mu nínú, pàápàá fún ọkọ̀ ọdún 2003 sókè. Tech 2, síkánà General Motors fúnra rẹ̀, ni wọ́n fi ń kọ ọ́ sí i, pẹ̀lú VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀ náà. Bátìrì tó le dáadáa gbọ́dọ̀ wà lórí ọkọ̀ nígbà náà, torí bí iná bá já láàárín, tuntun náà lè kú sọ́wọ́ wọn. Àwọn kan máa ń gbé ògbólógbòó lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń tún pátákó iná inú rẹ̀ jó. Tí kì í bá ṣe omi ló bà á jẹ́, èyí bọ́gbọ́n mu, torí ètò ọkọ̀ náà ṣì wà nínú rẹ̀.

Ìdánwò

Orí koríko tàbí ilẹ̀ eléruku ni wọ́n ti ń dán 4HI wò. Lórí ọ̀dà gbígbẹ, táyà iwájú àti ẹ̀yìn máa ń bá ara wọn jà níbi kọ́nà, jíà ló sì ń jìyà. Ẹni tó jẹ́ pé orí ọ̀dà ní Ìkẹjà nìkan ló ń gbé Tahoe rẹ̀ rìn lè lo ọdún mélòó kan kó tó mọ̀ pé fóò-wíìlì òun ti kú. Fún 4LO, ọkọ̀ gbọ́dọ̀ dúró tàbí kí eré rẹ̀ má tó máìlì 3 ní wákàtí kan, kí gíábọ́ọ̀sì sì wà ní N (níyútírà). Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì, iná rẹ̀ á máa ṣẹ́jú, ìró mọ́tò á dún lábẹ́ ìjókòó, iná á sì dúró gbọn-in. Kí wọ́n pa ọkọ̀ mọ́jú, kí wọ́n wọn bátìrì láàárọ̀, láti mọ̀ bóyá bréènbọ́ọ̀sì ń sùn.