Xabier: Ilé Tó Di Orúkọ Ènìyàn

Àwọn tó ń wo bọ́ọ̀lù mọ Xabi Alonso, ọmọ ìlú Tolosa ní ilẹ̀ Basque, tó bá Liverpool gba ife-ẹ̀yẹ Champions League ní 2005. Ìgékúrú Xabier ni Xabi, Xabier fúnra rẹ̀ kò sì bẹ̀rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí orúkọ ènìyàn. Orúkọ ilé ni.

Nínú èdè Basque, èdè ẹsẹ̀ òkè Pyrenees láàárín Sípéènì àti ilẹ̀ Faransé, tí a kò tíì rí èdè mìíràn tó bá a tan, etxe ni ilé, berri sì ni tuntun. Bíi tiwa, ọ̀rọ̀ àpèjúwe wọn a máa tẹ̀lé ọ̀rọ̀ orúkọ, nítorí náà etxe berri gan-an ni “ilé tuntun”. Ní àwọn ibì kan, etxe a máa di etxa nínú àkànpọ̀ ọ̀rọ̀. Àwọn aládùúgbò wọn tí èdè tiwọn ti ara Látìn jáde ló wá gé fáwẹ́lì ìbẹ̀rẹ̀ kúrò, tí wọ́n sì sọ e inú berri di ie, tí gbogbo rẹ̀ fi di Xabier. Ìró “ṣ” wa ni x yìí, kò lè ni ẹnu Yorùbá lára rárá. Àwọn ará Sípéènì pàápàá ń pè é bẹ́ẹ̀ nígbà kan rí, kí ìró náà tó sún sẹ́yìn lọ sí ọ̀nà ọ̀fun lẹ́nu wọn, tí wọ́n fi ń kọ ọ́ ní Javier lónìí.

Ní Navarre, agbègbè kan ní àríwá Sípéènì, ilé olódi kan wà tó ń jẹ́ orúkọ yìí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti bí Francisco ní 1506, orúkọ ibùgbé náà ni wọ́n sì fi ń dá a mọ̀. Òun pẹ̀lú Ignatius ti Loyola wà lára àwọn tó dá Jesuit, ẹgbẹ́ ẹ̀sìn kan nínú ìjọ Kátólíìkì, sílẹ̀. Ó wàásù dé Íńdíà àti Jàpáànù, ó kú sí erékùṣù kan létí Ṣáínà ní 1552. Nígbà tí Póòpù kéde rẹ̀ ní ẹni mímọ́ ní 1622, àwọn ìdílé Kátólíìkì káàkiri ń fi Xavier, ọ̀nà mìíràn tí a ń gbà kọ Xabier, sọ ọmọ, títí kan Francis Xavier tí àwọn kan ń jẹ́ lọ́dọ̀ wa. Yorùbá ní ilé là ń wò kí a tó sọmọ lórúkọ. Àwọn wọ̀nyí wo ilé onílé.

Etxe berri kan náà ló bí orúkọ ìdílé Etxeberria, tó wọ́pọ̀ gan-an láàárín àwọn Basque. Ẹni tó bá wá ń jẹ́ Xabier Etxeberria, Ilé Tuntun ọmọ Ilé Tuntun ló ń jẹ́.