Kọ̀ǹpútà tó ń háńgì: ẹ má tíì pariwo báírọ́ọ̀sì

Ẹ jọ̀ọ́, ta ló kọ́kọ́ sọ fún wa pé gbogbo kọ̀ǹpútà tó bá ti háńgì, báírọ́ọ̀sì ló wọ̀ ọ́? Ẹ̀ ń tẹ iṣẹ́ yín lọ jẹ́jẹ́, máọ́ọ̀sì gan síbì kan, kíá gbogbo ará ilé á ti máa wo ọmọ tó ki fláàṣì bọ̀ ọ́ lánàá, pé òun ló kó àìsàn wálé. Tẹ́ ẹ bá gbé e dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún un ṣe, ọ̀pọ̀ ò ní bi yín ní nǹkan kan, "ẹ jẹ́ ká fọ́mátì ẹ̀" ni. Owó lọ, fọ́tò ìkómọ náà lọ, ọ̀sẹ̀ méjì sí i ó tún ti háńgì.

Mo ti jìyà ẹ̀ rí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni wọ́n fọ́mátì láptọ́ọ̀pù mi lọ́dún kan ṣoṣo, kí n tó wá kíyè sí i pé kì í háńgì tó bá wà lórí tábìlì láàárọ̀, àfi tó bá dọ̀sán tí mo bá gbé e sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo tú ìdí ẹ̀, ẹ wá wo eruku ọyẹ́ tó dì mọ́ ẹnu ihò fáànù, ó nípọn bí òwú inú pílò! Ọ̀pọ̀ chip Intel, ìyẹn ọpọlọ tó ń ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà, tó bá ti ń sún mọ́ 100°C, á dín eré ara ẹ̀ kù, ẹ ó rí i tí gbogbo nǹkan á máa wọ́, tí ooru ọ̀hún bá tún lé sí i ó lè kú fín-ín.

Mi ò ní báírọ́ọ̀sì ò sí o. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ nínú wọn, páswọ́ọ̀dù yín ni wọ́n ń wá, olè tó fẹ́ kó ẹrù ò sì ní máa lu agogo kẹ́ ẹ lè jí. Windows 10 àti 11 ti ní Defender tiwọn tẹ́lẹ̀, ìyẹn ọlọ́dẹ tó ń lé báírọ́ọ̀sì, tẹ́ ẹ bá tún lọ ki antivirus méjì míì bọ̀ ọ́, Defender sábà máa ń fà sẹ́yìn, ẹ kàn kó ọlọ́dẹ méjì tuntun sí géètì kan ni, wọ́n á máa bára wọn jà, ẹ̀yin lẹ ò ní ráyè wọlé.

Tó bá háńgì, ẹ kọ́kọ́ tẹ Caps Lock lẹ́ẹ̀mejì. Tí iná ẹ̀ bá tàn tó sì kú, kọ̀ǹpútà yẹn ò tíì kú o, nǹkan kan ló ń dúró dè. Ẹ tẹ Ctrl, Shift àti Esc pọ̀, Task Manager á ṣí, ẹ wo Disk: tó bá wà ní 100% nígbà tẹ́ ẹ ò ṣe nǹkan gidi kan, hàádì dísìkì, ibi tí fáìlì yín ń gbé, lẹ máa fura sí. Èyí tó ń yí nínú yẹn, tó bá kan ojú ibi tó ti bàjẹ́, á máa gbìyànjú àtikà á ṣáá, Windows á sì jókòó máa retí ẹ̀. Ohun tó ń tan wá jẹ nìyí, torí tí wọ́n bá fọ́mátì ẹ̀, fáìlì tuntun lè bọ́ síbi tó ṣì dáa, ara á tù ú fúngbà díẹ̀, a ó ní báírọ́ọ̀sì ti kú. Ẹ gbé CrystalDiskInfo sí i, áàpù tó ń yẹ ìlera dísìkì wò, ọ̀fẹ́ ni, tó bá kọ Caution tàbí Bad, ẹ yáa kó fáìlì yín kúrò lálẹ́ ọjọ́ yẹn, kẹ́ ẹ tó ronú SSD, ìyẹn dísìkì tí nǹkan kan ò yí nínú ẹ̀.

Tí iná Caps Lock ò bá dáhùn rárá, ẹ wo ooru àti ráàmù, ìyẹn ibi tí kọ̀ǹpútà ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí. Ẹ tẹ mdsched sínú Start, ó máa ní kẹ́ ẹ tún kọ̀ǹpútà tàn, á yẹ ráàmù wò fúnra ẹ̀.

Tó bá jẹ́ eruku lẹ fẹ́ gbá, ẹ pa á, ẹ yọ wáyà iná, ẹ fi igi ìtayín di fáànù mú kó má yí, kẹ́ ẹ wá fi búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ gbá a díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fẹnu fẹ́ ẹ o, itọ́ á bá a wọlé.