Áńtẹ́nà ọkọ̀ ń dún, kò gòkè: kí ló dé?

Àbúrò kan kọ̀wé sí mi. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ ló ń wà, Camry 1994, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Orobo. Áńtẹ́nà rẹ̀ jẹ́ irú èyí tó máa ń dìde fúnra rẹ̀ bí èèyàn bá tan rédíò, tí á sì wọlé padà bí wọ́n bá pa á. Kò dìde mọ́. Mo kó ìbéèrè rẹ̀ àti èsì mi jọ síbí, torí ohun kan náà ni mo ń gbọ́ lẹ́nu gbogbo ẹni tó ṣì ń wa ọkọ̀ ayé ìgbà yẹn.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Tí mo bá tan rédíò, mo máa ń gbọ́ tí nǹkan ń kùn nínú búùtù, ṣùgbọ́n áńtẹ́nà kì í jáde. Rẹ́wáyà àdúgbò wa ní kí n lọ ra odindi tuntun. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Ìdáhùn: Má tíì náwó, àbúrò mi. Ìró tí o ń gbọ́ yẹn ti sọ púpọ̀ fún wa.

Ohun méjì ló para pọ̀ di áńtẹ́nà yìí: ọ̀pá tó ń yọ sókè, àti ẹ̀rọ tó ń tì í. Ọ̀pá náà kì í ṣe ẹyọ kan. Irin tín-ín-rín mélòó kan ló wọnú ara wọn. Okùn ọ̀rá líle kan wà nínú wọn, orí rẹ̀ dè mọ́ irin tó kéré jù lókè, ara rẹ̀ sì ní eyín bíi ti ayùn. Nísàlẹ̀, nínú búùtù, ẹ̀rọ oníná kékeré kan ń yí jíà. Jíà á gbá eyín okùn mú, á tì í sókè tàbí kó fà á wálẹ̀, okùn tó bá sì wálẹ̀ á ká sínú ike róbótó kan, bí tẹ́lọ̀ ṣe ń ká tépù rẹ̀.

Tí ẹ̀rọ bá ń kùn, iná dé ibẹ̀, ẹ̀rọ sì ń yí. Ó sábà máa ń jẹ́ pé okùn ló já, tàbí eyín rẹ̀ ló ti jẹ tán. Ọ̀pá àti okùn nìkan ṣeé rà, owó rẹ̀ kò sì tó ti odindi. Ó máa ń dùn mí tí wọ́n bá ní kí èèyàn da ẹ̀rọ tó ń ṣiṣẹ́ nù nítorí okùn ọ̀rá.

Ìbéèrè: Ti ọ̀rẹ́ mi kì í tiẹ̀ dún rárá. Ṣé okùn náà ni?

Ìdáhùn: Rárá, ti ìyẹn yàtọ̀. Kó kọ́kọ́ wo fúùsì. Bí fúùsì bá pé, kó bi ara rẹ̀ bóyá wọ́n ti pààrọ̀ rédíò ọkọ̀ náà rí. Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ sábà máa ń wà.

Wáyà mẹ́ta ló máa ń lọ sídìí ọ̀pọ̀ áńtẹ́nà báyìí. Ọ̀kan ń gbé iná bátìrì wá nígbà gbogbo. Ọ̀kan dè mọ́ irin ọkọ̀. Ẹ̀kẹta ń bọ̀ láti ẹ̀yìn rédíò, òun ló ń sọ fún ẹ̀rọ pé kó dìde tàbí kó wọlé. Lára rédíò tí wọ́n ń tà lọ́jà báyìí, wáyà búlúù ni ti áńtẹ́nà. Búlúù tó ní ìlà funfun jẹ́ ti ampilifáyà. Bí wọ́n bá yọ rédíò tó bá ọkọ̀ wá tí wọ́n fi èyí tó ń gba USB síbẹ̀, wọ́n sábà máa ń fi tépù wé búlúù yẹn, wọ́n á sì gbàgbé rẹ̀ síbẹ̀. Áńtẹ́nà kò bàjẹ́. Àṣẹ ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Mo ti rí èyí tí wọ́n so mọ́ wáyà yẹ́lò, tí iná rẹ̀ kì í kú. Áńtẹ́nà náà wà lóde tọ̀sán-tòru títí ẹ̀ka máńgòrò fi ṣẹ́ ẹ.

Kí wọ́n fi tẹ́sítà kan wáyà àṣẹ yẹn nígbà tí rédíò wà ní títàn. Tí iná bá wà níbẹ̀, tí iná bátìrì náà pé, tí èyí tó dè mọ́ irin ọkọ̀ kò sì tú, a jẹ́ pé ẹ̀rọ gan-an ló kú.

Ìbéèrè: Ṣé mo lè fúnra mi pààrọ̀ ọ̀pá náà?

Ìdáhùn: O lè ṣe é, ṣùgbọ́n wá ẹnì kan tí á jókòó ti rédíò. Kó kọ́kọ́ pa á. Ìwọ, fi sípánà tú nọ́ọ̀tì kékeré tó wà níbi tí ọ̀pá ti ń yọ lára ọkọ̀. Fi aṣọ tẹ́ ibẹ̀ kí sípánà má ha ọ̀dà. Wá ní kó tan rédíò. Bí ẹ̀rọ bá ṣe ń ti okùn jáde ni kí o máa fà á jẹ́jẹ́. Wo ibi tí eyín rẹ̀ kọjú sí dáadáa, wàá nílò rẹ̀ láìpẹ́.

Tẹ́ okùn àtijọ́ àti tuntun sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Èyí tí mo tú kẹ́yìn ti pọ́n bí èékánná àgbàlagbà. Mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀, ó kán bí ọwọ́ ìgbálẹ̀ gbígbẹ. Tí ti àtijọ́ bá kúrú ju tuntun lọ, ègé tó kù ṣì wà nínú ike nísàlẹ̀. Má ti tuntun lé e lórí o! Méjèèjì á há mọ́ra, eyín tuntun á sì jẹ lọ́jọ́ kan náà. Tú ẹ̀rọ náà kúrò nínú búùtù, ṣí ìdérí rẹ̀, kí o fọwọ́ yọ ègé yẹn. Ibí yìí gan-an ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti máa ń sọ pé ọ̀pá tuntun kò dára.

Tí ibẹ̀ bá ti mọ́, ti okùn tuntun wọ ihò, kí eyín rẹ̀ kọjú síbi tí ti àtijọ́ kọjú sí. Wàá mọ̀ ọ́n lọ́wọ́ nígbà tó bá kan jíà. Ní kí wọ́n pa rédíò. Á fà á gba ọwọ́ rẹ bí ẹja ṣe ń fa ìwọ̀. Má tì í, má sì dì í mú. Ṣáà jẹ́ kó dúró gbọnrangandan. Tí kò bá wọlé tán, tan rédíò, kí o tún pa á. Tí jíà kò bá gbà á rárá, yí okùn díẹ̀ lọ́wọ́, kí o tún un dán wò. Lẹ́yìn náà, dá nọ́ọ̀tì padà.

Ìbéèrè: Níbo ni mo ti máa rí i rà?

Ìdáhùn: Gate ní Ìbàdàn, tàbí Ládípọ̀ ní Mushin. Mú ti àtijọ́ dání, kí ẹ wọn gígùn okùn, kí ẹ sì wo eyín rẹ̀. N kì í ra ọ̀pá tòkunbọ̀, torí ọ̀rá tirẹ̀ náà ti gbó. Ẹ̀rọ tòkunbọ̀ kò burú ní tirẹ̀.

Ìbéèrè: Tí mo bá fọwọ́ fà á dé ìdajì, ṣé kò lè dúró bẹ́ẹ̀? Ó ṣì ń gbọ́ rédíò díẹ̀díẹ̀.

Ìdáhùn: Á gbọ́ èyí tó bá wà nítòsí. Ìgbì 99.1 tí Amúlùdùn FM fi ń sọ̀rọ̀ láti Ìbàdàn gùn tó mítà mẹ́ta. Ọ̀pá tó bá gùn tó ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀, nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 75, ló máa ń gbà á dáadáa. Tí o bá fi ọ̀pá ààbọ̀ kúrò nílùú, kò ní pẹ́ tí rédíò á fi máa hó.

Ìbéèrè: Kí ni kí n ṣe kó má tún bàjẹ́?

Ìdáhùn: Eruku ọyẹ́ ló ń pa á jù. Fi aṣọ tó ní epo òyìnbó díẹ̀ nu ọ̀pá nígbà tó bá wà lóde, kí o wá fi òróró máṣíìnì ìránṣọ kín-ún kín-ún pa á, kí o sì tún nù ún. Má fi gírísì sí i, á kó iyanrìn jọ. Rọ́bà kékeré kan wà nísàlẹ̀ tí omi òjò ń gbà jáde. Tí ẹrẹ̀ bá dí i, omi á dúró sídìí ẹ̀rọ, ìpẹtà á sì dé. Pa rédíò kí wọ́n tó fọ ọkọ̀. Ibi ìfọkọ̀ ni wọ́n ti tẹ ti ọkọ̀ tèmi, mo sì jẹ́ kó wọlé bẹ́ẹ̀. Gbogbo eyín rẹ̀ ló jẹ. Bí ọ̀pá bá ti tẹ̀, yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ kó tó di pé o pa rédíò.

Ìbéèrè: Tí mo bá kúkú fi èyí tí kì í wọlé síbẹ̀ ńkọ́?

Ìdáhùn: Rédíò á máa sọ̀rọ̀, kò sí wàhálà níbẹ̀. Yọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀rọ, kí o sì rí i pé ihò ara ọkọ̀ dí dáadáa, kí òjò má máa rọ sínú búùtù. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ bàbá rẹ ni. Tó bá jẹ́ tèmi, nọ́ọ̀tì yẹn ni mo máa kọ́kọ́ tú, kí n rí okùn náà.