Kí ló ń ro bí oyin lórí ọkà bàbà àwọn ará Kansas? Ìbéèrè àti ìdáhùn

Àwòrán kan ló ń kiri lórí WhatsApp báyìí, orí ọkà bàbà nínú oko kan ní ìpínlẹ̀ Kansas ní Amẹ́ríkà tí nǹkan bí oyin ń ro lára rẹ̀, wọ́n wá kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé òyìnbó ti ba ọkà jẹ́, kí ẹnikẹ́ni má mu ògì bàbà mọ́. Ọ̀rọ̀ yẹn ká mi lára torí ògì yẹn ni ọ̀pọ̀ ìyá fi ń tọ́ ọmọ. Mo kó àwọn ìbéèrè tí àwọn èèyàn ń bi mí jọ síbí.

Ṣé oyin ni?

Rárá o. Omi ara ọkà fúnra rẹ̀ ni, ó dùn lóòótọ́, àmọ́ irúgbìn àrùn ló kún inú rẹ̀.

Àrùn wo wá nìyẹn?

Ergot ni wọ́n ń pè é. Fọ́ngọ́ọ̀sì ló ń fà á, ìbátan èyí tó ń mú búrẹ́dì hu, orúkọ tí àwọn onímọ̀ sì fún un ní 1991 ni Claviceps africana. Kì í bá ewé jà, kì í bá gbòǹgbò jà, òdòdó nìkan ló ń wá. Ẹ fojú inú wo orí ọkà bàbà nígbà tó bá ń tanná, gbogbo òdòdó wínníwínní tó wà níbẹ̀ ló ń retí lẹ́búlẹ́bú òdòdó (pollen) tó máa sọ ọ́ di hóró, ergot náà sì ń wá ibi tó máa gbà wọlé sínú òdòdó kan náà, eré ìje ni àwọn méjèèjì ń sá. Tí lẹ́búlẹ́bú bá kọ́kọ́ dé, hóró á di, ó parí nìyẹn, ergot ò rí àyè mọ́. Tí lẹ́búlẹ́bú bá pẹ́ tàbí tí kò lágbára, ergot á wọlé, dípò hóró ẹ ó wá rí nǹkan funfun rọ̀bọ̀tọ̀ kan, òun ló ń ro omi dídùn yẹn, tí òjò bá wá rọ̀ sí i, omi náà á kán sílẹ̀, ilẹ̀ abẹ́ rẹ̀ á funfun.

Kí ló dé tó fi jẹ́ pé ibi tó tutù ló ti ń dààmú wọn?

Èyí ni mo fẹ́ kó yé wa dáadáa, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ wà. Kansas ni ìpínlẹ̀ tó ń gbin ọkà bàbà jù ní Amẹ́ríkà, Texas ló tẹ̀ lé e. Oṣù Karùn-ún sí Ìkẹfà ni àwọn ará Kansas máa ń gbìn ín, tó bá fi máa di oṣù Kẹjọ ó ti ń tanná, oòrùn ṣì mú, kò séwu. Àmọ́ tí òjò ò bá jẹ́ kí àgbẹ̀ wọ oko lásìkò, ìgbà tí ọkà rẹ̀ máa tanná á bọ́ sí oṣù Kẹsàn-án, òtútù òru sì ti dé. Tí òtútù bá lọ sílẹ̀ ju nǹkan bíi 13 lórí ìwọ̀n Celsius lọ́sẹ̀ méjì mẹ́ta ṣáájú kó tó tanná, lẹ́búlẹ́bú ọkà ò ní lágbára mọ́, nígbà tó jẹ́ pé nǹkan bíi 20 pẹ̀lú ìrì gan-an ni ergot fẹ́. Àwọn tó tún ń jìyà rẹ̀ jù ni àwọn tó ń ṣe irúgbìn háíbírídì, ìyẹn irúgbìn tí wọ́n fi irú ọkà méjì mú jáde, torí ọkà tí wọ́n ń lò bí abo kì í ní lẹ́búlẹ́bú tirẹ̀, láti ìlà ọkà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ló ti máa gbà á, tí àwọn méjèèjì ò bá jọ tanná nígbà kan náà, òdòdó abo á kàn ṣí sílẹ̀ fún ergot ni.

Ṣé òyìnbó ló ṣe é?

Rárá. Ilẹ̀ Áfíríkà ni ergot yìí ti wà tipẹ́, ibẹ̀ náà ni ọkà bàbà fúnra rẹ̀ ti lọ bá wọn. Ní 1995 ó bẹ́ sílẹ̀ ní Brazil, ní 1996 ó dé Ọsirélíà, ní 1997 ó gba Mexico wọ Texas, kí ọdún yẹn sì tó parí ó ti dé Kansas àti Nebraska. Afẹ́fẹ́ ló ń gbé e.

Ewé tèmi ló ń lẹ̀, kì í ṣe orí. Ṣé òun náà ni?

Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ kòkòrò. Láti 2013 ni kòkòrò wẹ́wẹ́ aláwọ̀ yẹ́lò kan ti ń fa omi ewé ọkà bàbà mu ní Amẹ́ríkà, ìgbẹ́ rẹ̀ dùn ó sì ń lẹ̀. Ẹ yí ẹ̀yìn ewé wò, ẹ ó rí wọn níbẹ̀.

Ṣé àrùn kan ṣoṣo tó ń bá ọkà wọn jà nìyí?

Ó pọ̀ jùyẹn lọ. Òmíràn ń sọ hóró di ìyẹ̀fun dúdú, òmíràn ń jẹ inú igi ọkà tí ọ̀dá bá dé nígbà tí hóró ń gbó, títí igi á fi wó lulẹ̀. Èyí tó wú mi lórí jù ni ti ọdún 1920 sí 1930, àrùn kan láti inú ilẹ̀ ń jẹ gbòǹgbò ọkà ní Kansas àti Texas títí oko á fi kú tán, wọ́n wá ṣàkíyèsí pé igi díẹ̀ ṣì dúró láàárín èyí tó kú, wọ́n mú irúgbìn wọn, wọ́n gbìn ín, àrùn yẹn ò sì ràn wọ́n.

Ṣé ergot lè pa èèyàn?

Ergot ọkà ráì (rye), ọkà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì lọ́hùn-ún, ló pa èèyàn púpọ̀ ní Yúróòpù láyé àtijọ́, láti ara rẹ̀ náà sì ni wọ́n ti rí ergometrine tí nọ́ọ̀sì ń gún fún abiyamọ kí ẹ̀jẹ̀ lè dá. Oró tó wà nínú ti ọkà bàbà yàtọ̀ sí ti ráì. Ẹran ọ̀sìn ló ń pọ́n lójú jù, wàrà ìyá ẹlẹ́dẹ̀ àti ti màlúù máa ń dín kù, ooru sì máa ń yọ màlúù lẹ́nu. Ní Ọsirélíà, wọ́n fòfin dé iye rẹ̀ tó lè wà nínú oúnjẹ ẹran.

Ṣé ọkà wọn yẹn lè wá dé ìkòkò ògì wa?

Kò dájú rárá. Oúnjẹ ẹran ọ̀sìn àti ethanol, ìyẹn ọtí tí wọ́n ń pò mọ́ epo ọkọ̀, ni wọ́n ń fi ọ̀pọ̀ rẹ̀ ṣe, wọ́n sì ń tà á sílẹ̀ òkèèrè. Èyí tí à ń rà lọ́jà wa, òkè ọya lọ́hùn-ún ni ọ̀pọ̀ rẹ̀ ti ń wá.

Pupa tó wà lára ọkà bàbà ńkọ́?

Àwọ̀ rẹ̀ nìyẹn, kì í ṣe àrùn.

Kí wá ni kí n ṣe sí èyí tí mo ti rà?

Ẹ má dà á nù. Ẹ tẹ́ ẹ sórí àtẹ, ẹ ṣa èyí tó dúdú, èyí tó hu àti èyí tó fúyẹ́ kúrò kí ẹ tó rẹ ẹ́. Tí òórùn rẹ̀ bá ti yàtọ̀, tàbí tí ẹ bá rí i pé ó ti hu káàkiri inú àpò, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọ, torí oró tí èéhù ń fi sílẹ̀ nínú ọkà, sísè ò lè pa á tán. Ọkà tí wọn ò sá gbẹ kí wọ́n tó kó o sápò nìyẹn, ó súnmọ́ wa ju ergot Kansas lọ. Kí ẹ tó sanwó, ẹ bu hóró díẹ̀ sẹ́nu kẹ́ ẹ gé e, èyí tó gbẹ dáadáa máa ń ró kàkà.