Kí Ló Dé Tí Ekòló Oníke Fi Ń Jẹ Àpótí Rẹ̀? Ìbéèrè àti Ìdáhùn fún Ẹni Tó Ń Ṣe Ìdẹ Ẹja Tà

Àbúrò mi kan ní Houston, tó ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe ìdẹ ẹja nínú gáréèjì ilé rẹ̀, ló kọ̀wé sí mi lẹ́yìn tí ọjà bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. Ìdẹ tó ń ṣe kì í ṣe irú èyí tí wọ́n ń gbẹ́ láti ara igi. Ekòló oníke ni, èyí tó rọ̀ múlọ́múlọ́, tí àwọn tó ń pẹja báàsì ní adágún Conroe àti Sam Rayburn ń fi sẹ́nu ìwọ̀. Iṣẹ́ yìí ti pẹ́ ní Amẹ́ríkà: Nick Creme ló ṣe irú ekòló bẹ́ẹ̀ ní Akron, ní ìpínlẹ̀ Ohio, ní ọdún 1949, kí ilé iṣẹ́ rẹ̀ tó wá fìdí kalẹ̀ sí Tyler ní Texas níbí. Èmi náà ti jẹ nínú iyọ̀ òwò náà, mo sì ti jẹ nínú ata rẹ̀. Ìbéèrè àbúrò mi àti ìdáhùn mi ni mo tò sísàlẹ̀ yìí.

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Mo kó ekòló 200 sínú àpótí ike tó mọ́ gaara bíi dígí, mo sì tò wọ́n sórí pẹpẹ nínú gáréèjì. Nígbà tí mo ṣí wọn lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ìsàlẹ̀ àpótí ti yọ́, ekòló sì ti lẹ̀ mọ́ ọn pinpin. Ṣé ooru Texas ló fà á ni?

Ìdáhùn: Ooru lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn náà díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀daràn. Ekòló rẹ fúnra rẹ̀ ló jẹ àpótí náà.

Omi funfun bíi wàrà tí ò ń rà ní gálọ́ọ̀nù, tí wọ́n ń pè ní plastisol, jẹ́ ìyẹ̀fun ike PVC tí wọ́n pò mọ́ òróró kan tí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti sọ ike líle di rírọ̀. Bí o bá gbé e ka iná, tí ó sì gbóná dé nǹkan bí 350 lórí òṣùwọ̀n Fahrenheit, ìyẹn 177 ti Celsius, ìyẹ̀fun náà á fa òróró mu, funfun á kúrò lára rẹ̀, á mọ́ gaara, ibẹ̀ lo sì ti máa ń mọ̀ pé ó tó dà sínú mọ́ọ̀dù. Ohun tí ọ̀pọ̀ ènìyàn kò fura sí ni pé òróró náà kò sọ ara rẹ̀ di ike. Ó kàn sá pamọ́ sínú rẹ̀ ni, bí epo ṣe ń sá pamọ́ sínú àkàrà. Àkàrà tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé lè gbẹ lójú, ṣùgbọ́n kí o tó gbé e délé, epo ti yọ sára ìwé.

Bí òróró ekòló bá wá kan ike mìíràn tó lè gbà á mọ́ra, yóò ṣí lọ síbẹ̀, yóò sì sọ ọ́ di rírọ̀ gẹ́gẹ́ bó ti ṣe PVC. Ike líle tó mọ́ bíi dígí, tó máa ń kán ṣáká tí a bá tẹ̀ ẹ́, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ polystyrene, ló kọ́kọ́ máa ń ṣubú lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n polyethylene àti polypropylene, tí wọ́n fi ń ṣe ọ̀rá àti abọ́ ike tó ń tẹ̀ láìkán, kì í fi bẹ́ẹ̀ gbà á láyè. Nítorí náà, kí o tó ra àpótí kankan, yí ìdí rẹ̀ sókè, kí o wo nọ́ńbà tí ọfà mẹ́ta yí ká. Bí o bá rí 2, 4 tàbí 5, fọkàn balẹ̀. Bí o bá rí 6, dá a padà fún ẹni tó ń tà á. Ní ti 7, inú rẹ̀ ni wọ́n kó gbogbo ike tí kò ní nọ́ńbà tirẹ̀ sí, kò sì sọ ohunkóhun fún ọ.

Àwọ̀ pẹ̀lú ń bá òróró yìí rìn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀, mo kó ekòló dúdú àti funfun sínú ọ̀rá kan náà kí oníbàárà lè rí oríṣi méjèèjì, kò sì pẹ́ tí funfun fi di aláwọ̀ eérú. Má ṣe jẹ́ kí ekòló rẹ fara kan ìdẹ onígi tí wọ́n kùn ní ọ̀dà, nítorí pé yóò bó ọ̀dà náà. Má sì ṣe dà á pọ̀ mọ́ èyí tí ilé iṣẹ́ Z-Man ń pè ní ElaZtech, tí kì í ṣe PVC rárá: bí àwọn méjèèjì bá sùn pọ̀, wọ́n á yọ́ mọ́ra wọn.

Ìbéèrè: Ọ̀rá wo ni kí n wá rà, Ẹ̀gbọ́n? Oríṣiríṣi ni mo rí, owó wọn kò sì jọra.

Ìdáhùn: Èyí tó pọ́n ọ lójú jù nítorí ẹ̀dínwó ni kí o kọ́kọ́ fi sílẹ̀. Mo ra ọ̀rá 1,000 lẹ́ẹ̀kan lọ́wọ́ ẹnì kan tó sọ pé kò sí ìyàtọ̀. Ó fẹ́lẹ́ débi pé òórùn aáyù tí mo fi sínú ekòló gba inú rẹ̀ jáde, òróró tẹ̀ lé e díẹ̀díẹ̀ láti ojú ibi tí wọ́n ti lẹ̀ ẹ́ pọ̀, ìwé orúkọ ọjà sì bẹ̀rẹ̀ sí í ká kúrò lára rẹ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù. Kò sí ohun tó ń bà ènìyàn lójú jẹ́ tó kí onísọ́ọ̀bù pè ọ́ pé ọjà rẹ ń rùn sára ọjà ẹlòmíràn.

Lọ́jọ́ òní, n kì í ra ọ̀rá tó fẹ́lẹ́ ju mil 4 lọ, ìyẹn mẹ́rin nínú ẹgbẹ̀rún ínǹṣì, tó jẹ́ nǹkan bí ìdá kan nínú mẹ́wàá mìlímítà. Mo máa ń wá èyí tó ní ojú tí a ń tẹ̀ pa, tó sì ní ihò lókè tí ṣọ́ọ̀bù lè fi gbé e kọ́. Bí òórùn tí o fi sí ìdẹ rẹ bá le, bíi ti aáyù tàbí ànísì, polyethylene nìkan kò lè dá a dúró. Ọ̀rá alápapọ̀, tí wọ́n fi ìpele ike méjì tàbí mẹ́ta lẹ̀ pọ̀, ni kí o wá. Bí ìrù ekòló rẹ bá tẹ́ẹ́rẹ́, tó sì yẹ kó máa jó nínú omi, ọ̀rá lásán yóò tẹ̀ ẹ́, bó bá sì ti tẹ̀ fún oṣù kan, bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe wà. Irú èyí nílò abọ́ ike pẹlẹbẹ tó ní àyè fún ìrù kọ̀ọ̀kan nínú ọ̀rá náà.

Ní ti ìwé ara ọ̀rá, má lo irú èyí tí ẹ̀rọ ń fi ooru nìkan tẹ̀ láìsí yíǹkì, nítorí pé òróró máa ń pa ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ rẹ́. Ìwé tí wọ́n fi polypropylene ṣe dára ju bébà lọ, nítorí pé bébà ń mu òróró.

Kí o tó san owó ọ̀rá 1,000, béèrè fún mẹ́wàá. Di ekòló sínú wọn, to wọ́n léra, gbé nǹkan wúwo lé wọn, kí o sì fi wọ́n sílẹ̀ nínú búùtù ọkọ̀ fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta nínú oṣù Keje. Èyí tí ọ̀rá bá fẹ́ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù, yóò ti ṣe é lójú rẹ. Mo mọ̀ pé o máa sọ fún mi pé Lauri Rapala ní Finland, tó bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní ọdún 1936, bébà ṣokoléètì tó ń dán ló fi bo ara ìdẹ tó gbẹ́, tó sì yọ́ fíìmù fọ́tò láti fi kùn ún. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìdẹ tirẹ̀ kò ní òróró nínú.

Ìbéèrè: Mélòó ni kí n rà nínú ohun èlò kọ̀ọ̀kan? Ẹ̀dínwó wà fún ẹni tó bá ra púpọ̀.

Ìdáhùn: Ṣe ìṣirò láti ìdí. Gálọ́ọ̀nù plastisol kan jẹ́ nǹkan bíi gíráàmù 3,800. Bí ekòló rẹ kan bá wọn gíráàmù 9, yóò fún ọ ní nǹkan bí 420. Yọ èyí tó jóná àti èyí tó bàjẹ́ nínú mọ́ọ̀dù kúrò, kí a sọ pé 380 ló kù. Bí o bá ń di mẹ́jọ mẹ́jọ, ọ̀rá 47 ni. Ọ̀rá 1,000 tí wọ́n ń fi ẹ̀dínwó pè ọ́ sí á gba gálọ́ọ̀nù 21 kó tó tán. Ṣé o ní oníbàárà gálọ́ọ̀nù 21?

Plastisol kì í dúró lójú kan. Ìyẹ̀fun inú rẹ̀ máa ń rọ̀ sísàlẹ̀, bí o bá sì ra àgbá ńlá láìní ẹ̀rọ tí yóò máa rò ó, òkè á di omi lásán, ìsàlẹ̀ á dì gbagidi. Gálọ́ọ̀nù kan tàbí márùn-ún ló tọ́ sí ẹni tó wà ní gáréèjì. Nítorí pé ó wúwo, owó ìfìránṣẹ́ lè jẹ èrè ẹ̀dínwó náà tán, nítorí náà, wá ẹni tó ń tà á nítòsí.

Ìwọ̀ ni kí o má fi ṣeré. Mustad ti Norway, VMC ti Faransé, Owner àti Gamakatsu ti Japan, gbogbo wọn ló ń ta ìwọ̀ ní ọgọ́rọ̀ọ̀rún fún àwọn oníṣẹ́ bíi tiwa. Ra á lọ́wọ́ ẹni tí ilé iṣẹ́ náà mọ̀, nítorí pé ayédèrú pọ̀.

Ìbéèrè: Bí mo bá kúkú ra ọ̀rá àti ìdẹ tí wọ́n ti ṣe tán láti Ṣáínà ńkọ́?

Ìdáhùn: Ọ̀nà náà ṣí, ṣùgbọ́n kò rí bó ṣe rí tẹ́lẹ̀. Ìlú Weihai ní ẹkùn Shandong nìkan kún fún ilé iṣẹ́ ohun èlò ìpẹja. Tẹ́lẹ̀ rí, ẹrù tí owó rẹ̀ kò ju dọ́là 800 lọ ń wọ Amẹ́ríkà láìsan owó ibodè. Wọ́n fòpin sí àǹfààní yìí fún ẹrù Ṣáínà ní ọjọ́ 2 oṣù Karùn-ún ọdún 2025, wọ́n sì fòpin sí i fún àwọn orílẹ̀-èdè yòókù ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹjọ ọdún kan náà. Iye tí olùtajà kọ sí ojú ìwé kọ́ ni iye tí wàá san mọ́. Bí o bá sì kó ìdẹ wọlé láti òkè òkun, ìwọ ni òfin á kà sí ẹni tó ṣe é nígbà tí ọ̀rọ̀ owó orí bá dé.

Ìbéèrè: Owó orí wo nìyẹn? Èmi tí mò ń ṣe é nínú gáréèjì náà?

Ìdáhùn: Ìwọ náà ni. Ìdá mẹ́wàá nínú ọgọ́rùn-ún ni ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà ń gbà lórí ìdẹ àtọwọ́dá, ìwọ̀ àti òjé ìpẹja, ọ̀dọ̀ ẹni tó ṣe é tàbí tó kó o wọlé ni wọ́n sì ti ń gbà á, kì í ṣe lọ́wọ́ apẹja. Fọ́ọ̀mù 720 ni wọ́n ń kún fún un ní oṣù mẹ́ta mẹ́ta. Òfin ọdún 1950 ló yà á sọ́tọ̀ fún ọ̀ràn ẹja, wọ́n fẹ̀ ẹ́ lójú ní 1984, owó náà sì ń padà sọ́dọ̀ àwọn ìpínlẹ̀ láti fi tọ́jú ẹja àti ibi tí ọkọ̀ ojú omi ti ń wọ adágún. Mi ò bínú sí i.

Ibi tó kan ọ̀rá wa nìyí. Òfin náà sọ pé owó ohun tí a fi di ọjà, àti owó iṣẹ́ dídì rẹ̀, wà lára iye tí a ó fi ṣe ìṣirò owó orí. Owó ìfìránṣẹ́ sí oníbàárà ni wọ́n yọ sílẹ̀. Bí o bá tà á fún ṣọ́ọ̀bù ní dọ́là 4 kí a tó fi owó orí kún un, sẹ́ǹtì 40 jẹ́ ti ìjọba, o ò sì lè sọ pé dọ́là kan nínú rẹ̀ jẹ́ ti ọ̀rá. Nítorí náà, ọ̀rá olówó ńlá ń gbé owó orí ga pẹ̀lú. Bí o bá ń tà tààrà fún apẹja, ìṣirò náà yàtọ̀ díẹ̀, ó sì yẹ kí oníṣirò owó bá ọ wò ó. Bèèrè lọ́wọ́ rẹ̀ pẹ̀lú bóyá o lè gba owó orí tó ti wà lórí ìwọ̀ tí o rà padà, bí o bá fi ìwọ̀ náà ṣe ìdẹ mìíràn.

Ìbéèrè: Mo fẹ́ máa yọ́ òjé fún orí ìwọ̀, ìyẹn orí wúwo tó ń fa ìdẹ lọ sísàlẹ̀ omi. Ṣé ó dára?

Ìdáhùn: Ní Texas, kò sí ohun tó dí ọ lọ́wọ́. Ṣùgbọ́n bí o bá ń fi ọjà ránṣẹ́, ìpínlẹ̀ tó ń lọ ló ṣe pàtàkì. New Hampshire kò gbà kí wọ́n ta orí ìwọ̀ tàbí òjé ìpẹja tó wọn áùnsì kan tàbí tó kéré sí i, láti ọdún 2012 sì ni Massachusetts ti fòfin de lílo èyí tí kò tó áùnsì kan nínú omi inú ilẹ̀ rẹ̀, nítorí pé àwọn ẹyẹ omi ń gbé e mì, wọ́n sì ń kú. Ìlú Gẹ̀ẹ́sì ti ṣe irú rẹ̀ láti ọdún 1987 nítorí àwọn ẹyẹ swan.

Tungsten ni ọ̀pọ̀ ń lò dípò rẹ̀: sẹ̀ǹtímítà oníhà mẹ́ta kan rẹ̀ wọn gíráàmù 19.3, nígbà tí òjé wọn 11.3, nítorí náà orí ìwọ̀ tó kéré lójú lè wúwo tó ti òjé. Ṣùgbọ́n o ò lè yọ́ ọ nílé. Òjé ń yọ́ ní 327 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Tungsten kò ní yọ́ títí yóò fi kọjá 3,400. Èyí tí wọ́n ti ṣe tán ni wàá rà. Bí o bá taku pé òjé ni, má ṣe jẹ́ kí ẹ̀kán omi kan kán sínú rẹ̀, torí yóò ta sí ọ lójú. Má sì lo ìkòkò rẹ̀ fún plastisol: bí PVC bá gbóná jù, èéfín kíkan tó ń ta nínú ọ̀fun ló ń tú jáde.

Ìbéèrè: Kí ni kí n wá kọ sára ọ̀rá?

Ìdáhùn: Orúkọ rẹ, iye ekòló tó wà nínú rẹ̀ àti gígùn rẹ̀. Ohun tí o bá kó wọlé gbọ́dọ̀ fi orílẹ̀-èdè tó ti wá hàn, o ò sì lè kọ pé Amẹ́ríkà ni wọ́n ti ṣe é àfi bí gbogbo rẹ̀ tàbí fẹ́rẹ̀ẹ́ gbogbo rẹ̀ bá jẹ́ ti ibẹ̀. Ekòló Houston tí o fi orí ìwọ̀ Ṣáínà sí nínú ọ̀rá kan náà kò yege. California ní òfin ìkìlọ̀ tirẹ̀ láti 1986 lórí àwọn èròjà bí òjé àti díẹ̀ nínú òróró tí ń rọ ike. Ó yọ ilé iṣẹ́ tí òṣìṣẹ́ rẹ̀ kò tó mẹ́wàá sílẹ̀, ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀bù ńlá lè béèrè ìkìlọ̀ náà lọ́wọ́ rẹ síbẹ̀síbẹ̀, nítorí náà ra plastisol tí olùtajà kọ ọ́ sí ìwé pé kò ní phthalate, ìyẹn irú òróró tí òfin náà ń sọ.

Bákóòdù, ọ̀dọ̀ GS1 US, àjọ tó ń fúnni ní nọ́ńbà rẹ̀, ni kí o ti gbà á, nítorí pé orúkọ ilé iṣẹ́ rẹ ni wọ́n ń so nọ́ńbà náà mọ́. Èyí tí wọ́n ń tún tà ní ọ̀pọ̀ yanturu lórí íntánẹ́ẹ̀tì lè jẹ́ orúkọ ẹlòmíràn ni yóò yọ nígbà tí ṣọ́ọ̀bù bá wò ó. Lẹ̀ ẹ́ mọ́ òkè ẹ̀yìn ọ̀rá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ihò tí wọ́n fi ń gbé e kọ́, níbi tí ekòló kò ti lè wú u sókè, nítorí pé ẹ̀rọ owó kì í ka ìlà tó bá ká.