Bí Ìtọ́jú Àtọ̀gbẹ Ṣe Ń Fa Ẹ̀mí Gùn

Kí wọ́n tó rí ínsúlíìnì ṣe, ìyẹn èròjà tó ń dín ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ kù, ọmọdé tí àtọ̀gbẹ bá mú kì í sábà lò ju ọdún mélòó kan lọ. Ohun tí àwọn dókítà lè ṣe kò ju pé kí wọ́n dín oúnjẹ rẹ̀ kù débi tí ebi fi fẹ́rẹ̀ẹ́ pa á, kó lè rí oṣù díẹ̀ lò sí i. Irú ìtọ́jú yẹn ni wọ́n ṣe fún Elizabeth Hughes, ọmọ ẹni tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ ilẹ̀ òkèèrè fún ìjọba Amẹ́ríkà. Ọmọ ọdún 11 ni nígbà tí àìsàn náà dé. Nígbà tí wọ́n fi máa gbé e dé Toronto ní Kánádà, ní oṣù Kẹjọ ọdún 1922, ó ti rù kan egungun. Dókítà Frederick Banting bẹ̀rẹ̀ sí fún un ní ínsúlíìnì tí òun àti Charles Best ṣàwárí rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Ọmọbìnrin náà sanra padà, ó lọ́kọ, ó bímọ mẹ́ta, ọdún 1981 ló sì kú, lẹ́ni ọdún 73.

Oògùn tó wà lónìí dára ju ti ìgbà yẹn lọ fíìfíì. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ṣì gbà pé ẹni tí dókítà bá sọ fún pé ó ní àtọ̀gbẹ, ọjọ́ ikú rẹ̀ ti pé. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ohun tó ń gé ẹ̀mí alátọ̀gbẹ kúrú ni ṣúgà tó jókòó pa sínú ẹ̀jẹ̀ fún ọdún pípẹ́ láìsí ẹni tó dá a lẹ́kun, pàápàá tí ẹ̀jẹ̀ ríru bá tún wà pẹ̀lú rẹ̀.

Tí oúnjẹ bá dà tán nínú ikùn, púpọ̀ nínú rẹ̀ á di ṣúgà tí ẹ̀jẹ̀ ń gbé kiri. Ẹ̀yà ara kan tó wà lẹ́yìn àpò oúnjẹ, tí àwọn dókítà ń pè ní pancreas, ló ń tú ínsúlíìnì jáde. Ínsúlíìnì ló ń jẹ́ kí ẹran ara àti ọ̀rá gba ṣúgà yẹn wọlé, òun náà ló sì ń dá ẹ̀dọ̀ dúró kó má bàa máa tú èyí tó kó pa mọ́ sínú ẹ̀jẹ̀. Nínú àtọ̀gbẹ irú kìíní, ara fúnra rẹ̀ ló pa àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe ínsúlíìnì, nítorí náà kò sí ọgbọ́n míì ju kí wọ́n máa fi ínsúlíìnì sí i láti ìta. Nínú irú kejì, tó wọ́pọ̀ jù, ínsúlíìnì wà, àmọ́ ara ti ń kọ etí ikún sí i; nígbà tó bá yá, agbára àwọn sẹ́ẹ̀lì tó ń ṣe é náà á máa dín kù. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó fi oògùn oníhóró bẹ̀rẹ̀ fi lè nílò abẹ́rẹ́ lẹ́yìn ọdún bíi mélòó kan. Kì í ṣe ìjìyà, kì í sì í ṣe ẹ̀rí pé aláìsàn náà ò gbọ́ràn. Bí àìsàn ọ̀hún ṣe ń rìn nìyẹn, ó sì dùn mí pé ọ̀pọ̀ ń kọ abẹ́rẹ́ náà nítorí ìtìjú.

Tí ṣúgà bá kọjá nǹkan bíi 180 mílígíráàmù nínú dẹsílítà ẹ̀jẹ̀ kan (ìdá kan nínú mẹ́wàá lítà), tí í ṣe 10 lórí ìwọ̀n kejì tí àwọn ilẹ̀ míì ń lò, kíndìnrín kì í lè dá gbogbo rẹ̀ padà mọ́. Á máa bá ìtọ̀ lọ, á sì máa wọ́ omi tẹ̀ lé ara rẹ̀. Ibẹ̀ ni òùngbẹ àti ìtọ̀ àtìgbàdégbà ti ń wá. Àmọ́ tí àyẹ̀wò àárọ̀, kí èèyàn tó jẹun, bá ti ń pé 126 ni àwọn dókítà ti ń pè é ní àtọ̀gbẹ. Láàárín 126 yẹn sí 180, èèyàn lè má mọ nǹkan kan lára fún ọdún gbọọrọ, kí ṣúgà sì máa ṣe iṣẹ́ ibi rẹ̀ lọ. Àwọn òpó ẹ̀jẹ̀ tín-ín-tìn-ín inú ojú àti kíndìnrín, àti iṣan tó ń jẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ nǹkan lára, ló kọ́kọ́ máa ń jìyà, torí pé àwọn sẹ́ẹ̀lì wọn kì í dúró de ínsúlíìnì: bí ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó lóde ni wọ́n ṣe máa gbà á wọlé tó.

Àyẹ̀wò A1C ni wọ́n fi ń mọ bí ọ̀rọ̀ ti rí látẹ̀yìnwá. Ṣúgà máa ń lẹ̀ mọ́ èròjà pupa inú ẹ̀jẹ̀, bí eruku ṣe ń bà lé aṣọ tí wọ́n sá sẹ́bàá títì. Bí eruku bá ṣe pọ̀ tó ni aṣọ á ṣe dọ̀tí tó. Sẹ́ẹ̀lì pupa kan kì í lò ju nǹkan bí 120 ọjọ́ lọ, nítorí náà ìtàn oṣù méjì sí mẹ́ta ni A1C ń sọ. Ẹni tó ṣọ́ ẹnu fún ọjọ́ mẹ́ta kó tó lọ rí dókítà lè rí èsì tó dáa tí wọ́n bá gún un níka, àmọ́ A1C ò ní bá a bò ó. Ìwọ̀n tí ọ̀pọ̀ àgbàlagbà ń lé ni kí ó má tó ìdá 7 nínú 100.

Kí ló wà nínú 7 yẹn? Láàárín 1983 sí 1993, àwọn olùwádìí ní Amẹ́ríkà àti Kánádà tẹ̀ lé 1,441 èèyàn tó ní irú kìíní. Wọ́n ṣètọ́jú apá kan gidigidi débi tí A1C wọn fi sún mọ́ 7. Ti àwọn tó kù, tí wọ́n ń gba ìtọ́jú bí wọ́n ṣe ń ṣe é nígbà yẹn, wà ní bíi 9. Àrùn ojú tuntun fi ìdá 76 nínú 100 dín kù lára àwọn ti àkọ́kọ́. Èyí tó wá yani lẹ́nu jù ni ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn tí ìwádìí parí. A1C àwọn méjèèjì wá di ọgbọọgba, nítòsí 8, síbẹ̀ àwọn tí wọ́n tètè tọ́jú ṣì ń jẹ àǹfààní rẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Nígbà tó fi di 2005, àrùn ọkàn àti rọpárọsẹ̀ fi ìdá 42 nínú 100 dín lọ́dọ̀ wọn. Ara kì í gbàgbé. Ọdún àkọ́kọ́ tí èèyàn fi ń sọ pé “kò tíì le, màá bẹ̀rẹ̀ tó bá yá” gan-an ni ọdún tó wúlò jù.

Ṣúgà nìkan kọ́ o. Ọkàn àti ọpọlọ ni àtọ̀gbẹ irú kejì ti ń pààyàn jù, ẹ̀jẹ̀ ríru, ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ àti sìgá sì lọ́wọ́ sí i bí ṣúgà ṣe lọ́wọ́ sí i. Ní Denmark, wọ́n kó 160 èèyàn tí kíndìnrín wọn ti ń fi àmì hàn jọ. Wọ́n bá ìdajì wọn dojú kọ gbogbo rẹ̀ pọ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́jọ: ṣúgà, ìfúnpá ẹ̀jẹ̀, ọ̀rá, oúnjẹ, ìrìn àti sìgá. Nígbà tí ọdún 21 pé, àwọn yẹn ti fi nǹkan bí ọdún mẹ́jọ pẹ́ láyé ju àwọn ẹgbẹ́ wọn lọ. Tí ẹnikẹ́ni bá bi mí pé kí ló ń sọ alátọ̀gbẹ di arúgbó, èyí ni màá kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ẹni tó ń ka ṣúgà rẹ̀ lójoojúmọ́ tí kò mọ iye tí ìfúnpá rẹ̀ jẹ́, ìdajì iṣẹ́ ló ń ṣe.

Ti oúnjẹ àti ìrìn kò le lóye. Bí oúnjẹ tó ń di ṣúgà bá ṣe pọ̀ tó lẹ́ẹ̀kan náà ni ṣúgà á ṣe fò sókè tó. Ẹran ara tó ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ sì máa ń gba ṣúgà láì dúró de ínsúlíìnì, ìdí nìyẹn tí ìrìn díẹ̀ lẹ́yìn oúnjẹ fi ń fa á wálẹ̀.

Kí ṣúgà já wálẹ̀ jù náà léwu. Tó bá ti wá sábẹ́ 70, ọwọ́ á máa gbọ̀n, òógùn tútù á máa bò èèyàn, ọkàn á máa lù kìkì, ebi á dédé gbéjà kò ó. Tó bá tún lọ sílẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, á máa sọ ìsọkúsọ, ó sì lè dákú. Ẹni tó ń lo ínsúlíìnì tàbí oògùn tó ń ti ara láti tú u jáde ni èyí ń ṣe jù. Kó lo nǹkan bí gíráàmù 15 ṣúgà tó tètè ń wọ ẹ̀jẹ̀, bí omi èso dídùn tàbí ṣúgà tí wọ́n pò mọ́mi, kó dúró fún ìṣẹ́jú 15, kó tún un yẹ̀ wò, kó sì tún un ṣe tí kò bá tíì gòkè. Ẹni tó bá ti dákú, ẹ má da nǹkan kan sí i lẹ́nu. Ẹ gbé e lọ sí ọsibítù kíákíá.

Ẹsẹ̀ ni àwọn èèyàn ń fojú fò jù, bẹ́ẹ̀ ibẹ̀ ló yẹ kí ojú wà. Tí iṣan ẹsẹ̀ bá ti kú díẹ̀, òkúta kékeré inú bàtà lè ha àtẹ́lẹsẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́ kí ẹlẹ́sẹ̀ má mọ̀. Nítorí náà, ní alaalẹ́, ó yẹ kéèyàn jókòó síbi tí iná ti mọ́lẹ̀, kó gbé ẹsẹ̀ lé orúnkún, kó wo gìgísẹ̀, kó ya ọmọ ìka ẹsẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan wo àárín wọn. Tí ẹ̀yìn ò bá gbà kó tẹ̀, kó fi dígí sílẹ̀ wo àtẹ́lẹsẹ̀. Kó tó wọ bàtà, kó kọ́kọ́ ti ọwọ́ bọ inú rẹ̀. Nílé ìwòsàn, wọ́n á fi okùn ike tín-ín-rín kan tọ́ àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ nígbà tó dijú, wọ́n á ní kó sọ̀rọ̀ tó bá ti mọ̀ ọ́n lára. Ó kéré tán, ẹ̀ẹ̀kan lọ́dún ni èyí, pẹ̀lú àyẹ̀wò ẹ̀yìn ẹyinjú àti ti ìtọ̀ láti mọ̀ bóyá kíndìnrín ti ń jò. Gbogbo ìbàjẹ́ tí àwọn àyẹ̀wò yìí ń wá ló ṣeé dá dúró tàbí kí wọ́n fà sẹ́yìn tí wọ́n bá tètè rí i, kó tó di pé aláìsàn fúnra rẹ̀ mọ nǹkan kan lára.

Nígbà tí alátọ̀gbẹ bá wá darúgbó, ìwọ̀n tí wọ́n ń lé á yí padà. Ní 2008, ìwádìí ńlá kan tó ń fi tipátipá lé A1C àwọn tó ní irú kejì wá sábẹ́ 6 ní láti dáwọ́ dúró, torí pé ikú pọ̀ sí i láàárín wọn. Fún arúgbó tí àìsàn míì wà lára rẹ̀, tàbí tí kì í rántí nǹkan dáadáa mọ́, dókítà lè gbà kí A1C rẹ̀ wà ní 8, kó sì yọ àwọn oògùn tó lè já ṣúgà wálẹ̀ lójijì kúrò, torí pé ìṣubú kan lóru lè ṣẹ́ egungun ìbàdí rẹ̀, ìyẹn sì léwu fún un ju ṣúgà tó ga díẹ̀ lọ. Ó yẹ kí àwọn ọmọ tó ń tọ́jú rẹ̀ máa béèrè lọ́wọ́ dókítà lọ́dọọdún bóyá oògùn tó ń lò láti ìgbà tó wà lẹ́ni àádọ́ta ọdún ṣì yẹ ẹ́, kí wọ́n má sì dá a dúró fúnra wọn.