Ẹ Má Fọwọ́ Ara Yín Pa Bakitéríà Tí Ẹ Fowó Rà

Gbogbo ìgbà òjò ni àwọn àgbẹ̀ kòkó máa ń ti Ìdànrè, Ilé-Olújì àti Oǹdó wá bá mi ní Àkúrẹ́ pẹ̀lú ẹjọ́ kan náà: "Dókítà, oògùn bakitéríà tí ẹ ní ká rà ò ṣiṣẹ́ o." Bakitéríà yìí, ohun abẹ̀mí tín-ín-tín tó ń bá àrùn kòkó jà ni, òun fúnra ẹ̀ sì ni oògùn náà. Tí mo bá bi wọ́n bí wọ́n ṣe fín in, wọ́n á ní àwọn pò ó mọ́ kọ́pà, oògùn tí à ń fín sí àrùn kòkó, nínú táǹkì kan náà, kí àwọn má baà ṣe wàhálà ẹ̀ẹ̀mejì. Ẹ jọ̀ọ́, kọ́pà ń pa bakitéríà! Owó yín lẹ ń dà sílẹ̀.

Ẹ mọ àrùn tó ń sọ èso kòkó di dúdú, mi ò ní tún máa ṣàlàyé ìyẹn. Phytophthora megakarya ló le jù nínú àwọn tó ń fà á nílẹ̀ wa. Wọ́n sábà máa ń kà á mọ́ olú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kì í ṣe olú gan-an. Inú ilẹ̀ ló ń sá pamọ́ sí lẹ́ẹ̀rùn. Tí òjò bá dé, omi tó ta láti ilẹ̀ àti èèrà tó ń ru iyẹ̀pẹ̀ gorí igi ló ń gbé e débi èso.

Inú ilẹ̀ yẹn náà ni àwọn bakitéríà tó ń bá a jà ń gbé. Bacillus subtilis wà nínú wọn, òun náà ló ń sọ èso igbá di irú tí à ń fi sebẹ̀. Ó máa ń tú èròjà kan jáde tó ń ba awọ ara ohun tó ń fa àrùn jẹ́. Pseudomonas ní tiẹ̀ máa ń kó èròjà irin inú ilẹ̀ mọ́ra kí ọ̀tá tó rí i jẹ. Streptomyces ńkọ́? Lára ẹ̀ ni wọ́n ti rí streptomycin ní Amẹ́ríkà lọ́dún 1943, oògùn tó kápá ikọ́ fée. Ẹni tó bá ń fojú iṣẹ́ ọmọdé wo ohun tí à ń ṣe yìí, kó rántí ìyẹn.

Bí ọ̀rọ̀ ọjà ló rí: ẹni tó bá tètè dé ló ń gba ìsọ̀. Bakitéríà gbọ́dọ̀ ti tẹ̀dó sára gbòǹgbò àti èso kí àrùn tó dé. Ẹ pò ó mọ́ iyẹ̀pẹ̀ nọ́sìrì, níbi tí ẹ ti ń tọ́ ọmọ igi kòkó. Ẹ fín in sára èso tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń so, ní ìrọ̀lẹ́, torí oòrùn ń pa á. Omi ẹ̀rọ tó ní kílórínì ń pa á pẹ̀lú. Ẹ jẹ́ kí omi náà sùn mọ́jú nínú dúrọ́ọ̀mù tí ẹ ò dé, kí ẹ tó po bakitéríà mọ́ ọn. Táǹkì tí ẹ fi fín kọ́pà lánàá, ẹ fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, ẹ ṣàn án dáadáa. Mo tún un sọ: kọ́pà lọ́tọ̀, bakitéríà lọ́tọ̀, kí ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sára páálí kí ẹ tó fín èkejì. Èso tó bá ti dúdú ò ní torí bakitéríà padà di tútù.

Ohun tó ń bí mi nínú jù ni àwọn tó ń ta omi ìdọ̀tí lórúkọ iṣẹ́ wa. Bàbá kan láti ọ̀nà Ìdànrè gbé kẹ́ẹ̀gì kan wá bá mi. Ó ti wú, torí ẹ̀yìn ọ̀kadà ló wà nínú oòrùn ọ̀sán láti ọjà. Bí mo ṣe ṣí i, òórùn ẹyin tó bàjẹ́ gba gbogbo yàrá. Kò sí orúkọ bakitéríà kankan lára ẹ̀, kò sí ọjọ́ tí wọ́n ṣe é. Ẹni tó tà á ní ó ń wo àrùn kòkó, ó sì ń lé àjẹ́ kúrò lóko, pé ẹni tó bá ti fín in kò ní láti máa gé èso dúdú mọ́. Bàbá gbà á gbọ́.

Mo tẹ̀ lé wọn dé oko. Èso dúdú wà lórí igi látòkè délẹ̀, nǹkan funfun bí ìyẹ̀fun ti hù lára wọn. Nǹkan funfun yẹn gan-an ló ń tan àrùn ká. Mo la ọ̀kan: hóró inú ẹ̀ ti lẹ̀ mọ́ra, ó ti dúdú wọnú. Òkìtì èèpo kòkó wà lábẹ́ igi, òjò ń pa á, ó sì ń ta sára àwọn èso tó kù. Àjẹ́ wo ló tún kù tí à ń wá?

Gígé la fi ọjọ́ náà ṣe, a kó wọn jáde kúrò lóko, a sì rì wọ́n mọ́lẹ̀. Bàbá ní kí n ta bakitéríà gidi fún àwọn lójú ẹsẹ̀. Mi ò tà á. Kọ́pà ni mo ní kí wọ́n fín títí òjò á fi dá, kí wọ́n máa gé èso dúdú lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí wọ́n wá rí mi lẹ́ẹ̀rùn tí wọ́n bá fẹ́ ṣe nọ́sìrì.